Orin Mẹ́tàdínlógójì àti Etí Kan Ṣoṣo

Mo rántí pé òjò ló lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Agric ní Ìkòròdú, ọ̀sán Sátidé kan tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bàbá náà ń dán ẹ̀rọ àwo àtijọ́ kan wò tí oníbàárà gbé wá. Ó gbé àwo dúdú kékeré kan lé e, ó rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, àwo náà sì kọ́kọ́ ń ta bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni fèrè dún, ìlù tẹ̀lé e, orin háílàìfù tí gbogbo wa mọ irú rẹ̀. N kò tilẹ̀ fetí sí i, àfi ìgbà tó dé àárín, tí àwọn onífèrè dákẹ́, tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógún lọ. Mo padà kà á. Ọwọ́ ọ̀tún ń sáré, ọwọ́ òsì ń rọra tẹ̀lé e bí àgbàlagbà tó mọ̀ pé ọjà kò tíì tú. Jáàsì ni, ojúlówó jáàsì, tí ẹnì kan fi pamọ́ sáàárín orin ijó. Mo bẹ bàbá náà kó gbé abẹ́rẹ́ padà. Ó gbé e padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí mo tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó wò mí láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá, òjò ti dá o."

Mo bi í léèrè ẹni tó tẹ dùùrù yẹn. Orúkọ olórí ẹgbẹ́ nìkan ló wà lára àwo. Ó ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan ni wọ́n sọ pé ó máa ń tẹ̀ ẹ́ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ààfáà ni bàbá ọmọ náà, ọmọ kò sì gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun sára àwo kankan, kí ọ̀rọ̀ má baà délé.

Báyìí ni mo ṣe kó sí i. Mo ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà náà, mo ti Ọ̀ṣun wá, mo háyà yàrá àti pálọ̀ ní Ìkòròdú, mo sì ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní iléeṣẹ́ kan ní Industrial Estate. Iṣẹ́ wa, iṣẹ́ káàdì ni. Gbogbo nǹkan tó bá wọlé, ìbáà ṣe nọ́ọ̀tì tó kéré jù, káàdì tirẹ̀ wà, ohun tí káàdì bá sì sọ ni òótọ́. Mo gbé àṣà yìí dé ìdí orin. Orin kọ̀ọ̀kan tí mo bá rò pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ yẹn ló tẹ dùùrù rẹ̀, mo ya káàdì fún un: orúkọ orin, orúkọ ẹgbẹ́, nọ́ḿbà tí wọ́n fi irin họ sára àwo nítòsí ìwé àárín rẹ̀, ìgbà tí dùùrù bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dákẹ́. N kò fọwọ́ kan dùùrù rí láyé mi. Orí fóònù ni mo ti kọ́ orúkọ ohùn. Mo ya eyín dùùrù, funfun àti dúdú, sórí ìwé gígùn kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì ìjẹun wa, orí rẹ̀ ni mo sì ti ń fi ìka tẹ̀lé ohun tí mo bá ń gbọ́. Ìyàwó mi máa ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ọbẹ̀ wà lórí dùùrù yín."

Ó gbà mí ní ọdún méjì kí n tó kó orin mẹ́tàdínlógójì jọ. Bí mo ṣe mọ̀ pé tirẹ̀ ni wọ́n nìyí: nínú gbogbo wọn, bí ọwọ́ òsì bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ohùn kan wà tí kì í tẹ̀. Á dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fò ó, bí awakọ̀ tó mọ ibi tí kòtò wà lójú ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo pè é ní àmì ọwọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógójì: "Ó fò ó." Inú mi dùn débi pé mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́, àwọn tí wọn ò bi mí.

Àṣé ọmọ Ẹ̀pẹ́ yẹn ṣì wà láyé, ó ti di bàbá àgbàlagbà. Atún-rédíò-ṣe ló bá mi wádìí ilé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mo bá a lórí àga lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ọ̀sà, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Etí òsì rẹ̀ ti di. Dókítà sì ti sọ fún un pé ọ̀tún náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè fi dá a dúró. Mo kí i, mo jókòó, mo sì tú gbogbo ìmọ̀ mi sílẹ̀ nípa àmì ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Eyín yẹn ti kú lára dùùrù ilé ìgbohùnsílẹ̀ wọn," ló wí. "Bí o bá tẹ̀ ẹ́, igi lásán ni yóò dún, kò! Gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń fò ó. Àwa márùn-ún la jọ ń tẹ dùùrù yẹn."

Ọdún méjì mi nìyẹn. Àmì ọwọ́ ọkùnrin ni mo rò pé mo ń lé, àṣé àrùn dùùrù ni. Mo bá a jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Òun ló tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun kò gbé àwo kankan wọ ilé bàbá òun rí, nígbà tí bàbá sì kú, ẹgbẹ́ ti tú, àwọn àwo ti fọ́n ká. Òun ò tíì gbọ́ ara òun rí láti ọjọ́ tí òun ti dìde lórí àga ìdí dùùrù náà. "Kí etí yìí tó tì pátápátá," ló wí, "ó wù mí kí n mọ ohun tí mo ṣe."

Ohun tó di iṣẹ́ wa nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè ya orin tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn mẹ́rin yòókù, tí gbogbo wọn ti kú, àfi etí ọ̀tún rẹ̀, etí náà kò sì ní dúró dè wá. Ní Sátidé méjì-méjì lóṣù, mo ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú fóònù tí mo gba àwọn orin náà sí, sípíkà kékeré kan àti páálí káàdì mi. Á gbé sípíkà mọ́ etí, á di ojú, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí itan. Lẹ́yìn náà á ní, "Èmi ni," tàbí, "Èmi kọ́." Orin mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń gbọ́ lọ́jọ́ kan, kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ni mo fi èyí tí mo gbọ́ ní Agric sí i. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Èmi kọ́ nìyẹn."

Mo ní kí ó jọ̀ọ́ tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́, ó ní òun kọ́, ọ̀rẹ́ òun kan ni, ọwọ́ òun ò sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn. Mo fi káàdì hàn án, mo ka ìṣẹ́jú àáyá fún un. Ó yọ sípíkà kúrò létí.

"Ọmọ Ọ̀ṣun, ṣé ìwọ lo ni ọwọ́ mi ni?"

Mo dá káàdì padà sínú páálí, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Síbẹ̀ mo ń bá a lọ, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí mo lọ tí n kì í rí nǹkan kọ. Ìbẹ̀wò méjìlá la fi gbọ́ orin mẹ́tàdínlógójì tán, ó sì gba mẹ́rìndínlógún ní tirẹ̀. Mẹ́rìndínlógún! Mo fi yangàn níbi iṣẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà tí a ń ka ẹrù òpin ọdún ní iléeṣẹ́ ni ojú mi là. A kì í fi orúkọ to káàdì nígbà ìkàyé. Ọjọ́ la fi ń tò wọ́n, kí a lè rí ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Mo délé, mo fi ọjọ́ tí bàbá gbọ́ wọn to káàdì orin mi bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀wò méjìlá, kò sí ìkankan tí ó kọ gbogbo orin. Ní ìgbà mẹ́sàn-án nínú wọn, ó kọ àwọn ti ìṣáájú, ó wá gba èyí tó kẹ́yìn, èyí tí mo fi sí i nígbà tí mo ti ń di báàgì mi. Mo wo káàdì mẹ́sàn-án yẹn títí. Bí ẹrù bá ṣe irú èyí nínú ilé ìkẹ́rùsí, a mọ̀ pé ẹnì kan ló ń fọwọ́ tún un ṣe.

Mo lọ bá a, mo sì fi ọ̀wọ̀ bi í. Kò tijú rárá.

"Láti Ìkòròdú lo ti ń bọ̀," ló wí. "Ṣé kí àlejò ti ilé mi padà lọ́wọ́ òfo ni?"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú ilé: "Mo sọ fún wọn pé ẹja ni kí wọ́n fún ọ. Wọ́n ní orin lo wá gbà."

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Inú bí mi lọ́nà títí mo fi dé Ìkòròdú. Oṣù mẹ́fà ni etí yẹn fi ń kú lọ, tí a fi ń kọ irọ́ ọmọlúwàbí sórí káàdì. Nígbà tó yá ni ara mi wá ń bí mi nínú ju òun lọ. Èmi tí n kì í kọ oúnjẹ onílé, tí mo ń sọ pé ó dùn nígbà tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, báwo ni n ò ṣe mọ̀? Iṣẹ́ ẹ̀rí ni mo gbé fún un, àlejò ni òun gbà.

A ṣe àdéhùn. Ìyá á máa fún mi ní ẹja yíyan nígbàkigbà tí mo bá wá, bàbá á sì máa sọ òótọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹja ti ń pọ̀ nílé wa, tí orin ń dín kù. Ìyàwó mi ní kí n má jẹ́ kí iṣẹ́ dùùrù yìí tètè parí. Bàbá tún àwọn mẹ́sàn-án yẹn gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí agbára ẹyọ kan péré ló kù fún etí rẹ̀ lójúmọ́. Ó kọ èkíní. Ó kọ èkejì. Nígbà tó kọ ìkẹta, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé òun gan-an ló ń pàdánù, kì í ṣe èmi. Ó kọ mẹ́jọ.

Ní ọjọ́ tí ó ku ẹyọ kan, mo gbé sípíkà mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀, mo yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, títí ìyá fi jáde wá wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá di ojú. Ìka rẹ̀ kò mira. Orin ti dé ìdajì kí ó tó la ojú, ó wò mí.

"Ṣé o ti tàn án ni?"

Mo ṣì ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìwé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ báyìí, èmi á kọ, òun á fẹnu dáhùn. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ká ní ọjọ́ ni mo ti fi ń to káàdì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ì bá rí i kí oṣù mẹ́fà tó lọ, n ò sì tíì rí ẹni tí mo lè di ẹ̀bi yẹn rù ju ara mi lọ. Ní Sátidé tó kọjá, ó ní kí n kọ iye tó kù fún òun. Mo kọ ọ́: nínú mẹ́tàdínlógójì, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe tirẹ̀, ẹyọ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ mọ́, méje jẹ́ tirẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka bo àwọn nọ́ḿbà yòókù mọ́lẹ̀, ó ku méje.