Oleta Tó Rò Pé Ìwé Ìròyìn Ti Bá Òun Kọ Ọkọ Sílẹ̀

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Oleta Grubbs jẹ́, ẹ wo bó ṣe ń wakọ̀. Àárín títì gan-an ló máa ń wà. Tí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ níwájú, onítọ̀hún ni kó wábi gbà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ń sin ewúrẹ́, ohùn ẹ̀ sì le débi pé tó bá ń pe ewúrẹ́ ẹ̀, ajá tèmi náà á dìde. Èmi ni mo ń bá a ṣe irun látìgbà tí irun ọ̀hún ti dúdú, mo mọ orí yẹn níta, mo mọ̀ ọ́n nínú. Orí tó dáa ni. Ó kàn máa ń gbà pé nǹkan ti parí kó tó gbọ́ ọ tán ni.

Bó ṣe gbà pé òun ti kọ Delmer sílẹ̀ nìyẹn.

Delmer ni ọkọ tó fẹ́ nígbà èwe. Kì í ṣèèyàn burúkú o. Ìṣòro ẹ̀ ni pé tó bá jáde lọ ra ìṣó, ó lè di ọ̀sẹ̀ kejì kó tó wọlé. Ìgbà tó wá lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo, tá ò gbúròó ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, Oleta dìde, ó lọ bá lọ́yà. Lọ́yà ní níwọ̀n bí a ò ti mọ ibi tí ọkùnrin náà wà, àfi ká kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn káúńtì: Delmer Grubbs, ìyàwó ẹ fẹ́ kọ̀ ẹ́ o, wá wí tẹnu ẹ.

Ní káúńtì tiwa, nǹkan tó bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn ti parí. Ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ẹni tí màálù ẹ̀ sọnù, ibẹ̀ la ti ń rí i. Ọjọ́ tí ti Oleta jáde, ilẹ̀ ò tíì ṣú táwọn obìnrin ìjọ fi ń gbé oúnjẹ wá bíi pé òkú ló kú: ẹ̀wà, búrẹ́dì àgbàdo, adìyẹ, ọ̀dùnkún oníwàrà. Kálukú fi téèpù lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ìdí àwo, torí lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n lè gbà ọ́ lọ́kọ, ṣùgbọ́n àwo ẹ gbọ́dọ̀ padà wálé. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn: tí ìbànújẹ́ bá dé, wọ́n á gbé àwo wá, tó bá tán lára ẹ, wàá dá àwo padà. Oleta jẹun, ó sunkún díẹ̀, ó fọ àwo, ó dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn, ó gbé e lé ọlọ́wọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ó parí." Kò tún gba ọ̀dọ̀ lọ́yà mọ́. Lọ́yà náà sì kó lọ sí ìlú ńlá.

Lẹ́yìn bí ọdún méjì, Delmer yọ. Onígbàjámọ̀ ló sọ fún un pé wọ́n ti kọ̀ ọ́, ó gbé ìwé ìròyìn hàn án. Delmer kà á, ó ní, "Háà. Wọ́n kọ orúkọ mi dáadáa." Ó lọ kọ́lé sí òdìkejì odò, ó ń sin oyin. Ọgbọ̀n ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá báyẹn.

Àfìgbà tí Díákónì Hobart Teague bẹ̀rẹ̀ sí í bá Oleta tún ọgbà ewúrẹ́ ẹ̀ ṣe. Ìyàwó Hobart ti kú tipẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tó bá sọ gbólóhùn méjì lóòjọ́, ó ti sọ̀rọ̀ jù. Ọgbà yẹn ò bàjẹ́ o, ó kàn ń tún un ṣe ṣáá ni. Lọ́jọ́ kan ó sọ gbólóhùn kẹta, Oleta sì ní òun gbà.

Wọ́n fà mí dání lọ sí kóòtù lọ gbàwé ìgbéyàwó. Twyla ló wà níbẹ̀, akọ̀wé kóòtù. Ó ní, "Àǹtí Oleta, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwé wo? Twyla, ìyá ẹ gan-an gbé ọ̀dùnkún wá fún mi nígbà yẹn!"

"Ọ̀dùnkún màmá mi kì í ṣe ìdájọ́, mà."

Inú àtìmọ́lé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn kóòtù ni wọ́n ń kó àwọn ìwé ẹjọ́ tó ti pẹ́ sí. Twyla ṣí ilẹ̀kùn onírin, a wọlé, ó ń tú páálí, eruku ń bọ́ sí wa lẹ́nu. Oleta jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́wọ̀n, ó ní, "Bí mo ṣe máa parí ayé mi nìyí." Nígbà tó yá, Twyla fa fáìlì kan yọ.

"Ẹjọ́ wà. Ìdájọ́ ni ò sí."

"Ìyẹn ni kí ni?"

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ò parí ẹ̀. Ìkéde lásán ni ti inú ìwé ìròyìn. Ẹ ò padà wá síwájú adájọ́. Ìyàwó Delmer ṣì ni yín, mà."

Hobart tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣí fìlà, ó rìn sẹ́yìn.

Látọjọ́ yẹn, tó bá wá kí Oleta, ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí. Oleta ní, "Hobart, ṣé mò ń rùn ni?"

"Rárá o. Ìyàwó oníyàwó ni ẹ́."

Kò jẹun níbẹ̀ mọ́. Ó ní tọ́rọ̀ náà ò bá tán, òun ò lè fẹ́ ẹ, díákónì lòun. Oleta wá jókòó sórí àga lọ́dọ̀ mi, orí ẹ̀ kún fún ọṣẹ, ó ní, "Lavonne, mo ti dá sùn ó ti sú mi. Mi ò fẹ́ dá sùn kú." Mo fi omi ṣan orí ẹ̀.

Bó ṣe tún pẹjọ́ lákọ̀tun nìyẹn. Twyla ti là á yé wa: adájọ́ máa bi í bóyá òun àti Delmer ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀ láìsùn sábẹ́ òrùlé kan náà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí. Èmi ni ẹlẹ́rìí. Ọlọ́pàá tó lọ fún Delmer níwèé ò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí oyin, ojú fèrèsé ló gbà jù ú sí i.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Adájọ́ bi Oleta, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí, mo búra, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá ku Delmer. Ó dìde, ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú ló wà lọ́rùn ẹ̀.

"Olúwa mi, irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo sùn sílé ẹ̀ nígbà òtútù tó kọjá."

Adájọ́ gbé kálàmù sílẹ̀. Hobart di ojú.

"Fún ìgbà wo?"

"Títí tí iná fi dé."

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni adájọ́ wí, "a máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún kan àtààbọ̀ yẹn látìbẹ̀rẹ̀ ni."

Mo dìde. "Olúwa mi, yìnyín ni!"

"Ìyáàfin, ṣé mo pè yín?"

"Ẹ ò pè mí, ṣùgbọ́n ìbúra yẹn ò tíì tán lẹ́nu mi. Yìnyín já gbogbo wáyà iná, Oleta nìkan ló ní ààrò onígi lójú ọ̀nà wa. Èmi sùn síbẹ̀! Pásítọ̀ sùn síbẹ̀, gbogbo òru ló fi ń hanrun! Ewúrẹ́ sùn síbẹ̀! Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni Delmer wà, láàárín èmi àti òbúkọ, mi ò sì mọ èwo nínú wọn ló ń rùn jù. Hobart tí ẹ̀ ń wò yẹn ò fojú boorun, òun ló ń kó igi síná. Tíyẹn bá jẹ́ ìgbéyàwó, gbogbo wa la jọ fẹ́ra wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ pásítọ̀ sílẹ̀ o!"

Twyla ń fi fáìlì bo ẹnu. Adájọ́ yíjú sí Delmer. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá sọ ọ́?"

Delmer ń lọ́ fìlà ẹ̀ lọ́wọ́. "Olúwa mi, nígbà yẹn, gbogbo káúńtì ló gbé oúnjẹ lọ fún un. Wọ́n kọ èmi náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀wà ṣíbí kan wá fún mi."

"Delmer, o ò sí nílé!" ni Oleta pariwo.

"Mo dé!"

"Lẹ́yìn ọdún méjì!"

"Ebi ń pa mí nígbà tí mo dé!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Èmi gan-an ò gbé nǹkan lọ.

Adájọ́ ní àwọn tí yìnyín kó jọ kì í ṣe tọkọtaya, ó bu ọwọ́ lùwé, Twyla lu òǹtẹ̀. Oleta gba ìwé ọ̀hún, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i tó ka nǹkan parí nìyẹn. Ìgbà tá a jáde, Hobart di apá ẹ̀ mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Nírọ̀lẹ́ yẹn, àwa obìnrin tò lọ sódìkejì odò. Mo gbé adìyẹ. Delmer gba gbogbo ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, imú ẹ̀ pọ́n. Nígbà tí Oleta ṣègbéyàwó tán, òun náà se ẹ̀wà lọ fún Delmer, ó kọ orúkọ ẹ̀ tuntun sórí téèpù ìdí àwo: Oleta Teague.

Gbogbo wa ti rí àwo wa gbà, Delmer fọ̀ wọ́n mọ́, ó fi oyin sínú wọn. Ti Oleta nìkan ló kù lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ní kó lọ gbà á. Hobart ló dá mi lóhùn, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún un. A ní àwo míì."