Ọkọ̀ Èédú Inú Pálọ̀ Òkè

Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ènìyàn ló ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún un ní ohun tí yóò máa ṣe. Èmi náà ṣe àmín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kó lọ sí ilé tó kéré, tó sì fi àpótí ńlá kan ránṣẹ́ sí wa. Mo rò pé aṣọ ni. Nígbà tí a ṣí i, rélùwéè ni: ẹ́ńjìnnì tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, àwọn wágùnù kéékèèké tí kò ní ìdérí, àti irin tí èèyàn lè so mọ́ra títí yóò fi yí yàrá ká.

Ilé ẹbí là ń gbé ní Pópó Àgùdà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pálọ̀ òkè ni yàrá tó tóbi jù nínú ilé náà, òun sì ni ẹbí máa ń lò fún ìpàdé. Ọkọ mi kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ra pákó, ó kàn án pọ̀ láti ara kọ́bọ́ọ̀dù títí dé ojú fèrèsé, ó sì to irin lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ló ti fi ìwé ìròyìn àtijọ́ àti gúlúù mọ òkè kan, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa èédú. Ojú fèrèsé ló kọ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná sí, agolo mílíìkì ló fi ṣe ọ̀pá èéfín rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, láyé ìgbà tí èédú ló ń fún Èkó níná.

Ní ti èédú fúnra rẹ̀, èyí tí mo fi ń yan ẹja ló gún nínú odó ata mi, ó sì fi asẹ́ mi jọ̀ ọ́. Mo lọ ra odó mìíràn.

Fún ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ náà kàn ń yí po ni. Àwọn tó bá wá kí wa á wò ó, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù, níbi tí àwọn òyìnbó tó ti darúgbó ti ń ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí ọkọ̀ èédú máa rìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wá bá mi ní yàrá, ojú rẹ̀ le.

"Ohun tí à ń ṣe yìí kò dára," ó ní. "Èédú kan náà ló ń lọ, òun náà ló tún ń bọ̀. Ta ló ń gbé èédú padà síbi tí wọ́n ti wà á?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Kò sí. Wágùnù tó kún gbọ́dọ̀ lọ, òfìfo gbọ́dọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà kì í ṣàdédé gbéra. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ kọntíróòlù."

Bí mo ṣe di kọntíróòlù nìyẹn. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Marina títí èmi náà fi fẹ̀yìn tì. Ó ní ohùn mi bá a mu. Èmi jókòó sí yàrá, òun wà ní pálọ̀, ògiri kan ló là wá láàárín, a sì ń pe ara wa lórí fóònù. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lára ògiri kí ó tó dé etí mi nínú fóònù.

"Kọntíróòlù, ẹ kú ọ̀sán o. Ọkọ̀ èédú ti kún. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gbéra?"

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó. Látìgbà tí a ti fẹ́ra, ọkọ mi kò pè mí ní "ẹ" rí. Èmi ni mo máa ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọkùnrin yìí ń bẹ̀ mí.

"Dúró síbẹ̀," mo ní. "Ọkọ̀ èrò ń bọ̀."

"Ó dáa, mà."

Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo rò pé ọkọ mi lérò pé màá máa gbà á láyè bí ìyàwó ṣe ń gba ọkọ láyè, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ èrò, tí kò sí níbì kankan àfi lẹ́nu mi, kò bá tíì wọ ibùdókọ̀, ọkọ̀ èédú kò lọ síbì kan. Nígbà mìíràn á jókòó ti wágùnù tó kún títí ebi á fi máa pa á, nítorí dírẹ́bà kì í fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Màá gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, màá sì padà sí yàrá láti lọ kọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí kọntíróòlù.

Bí ọkọ̀ bá wá dé ilé iṣẹ́ iná, á fi ṣíbí tíì kó èédú inú wágùnù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òfìfo á sì padà lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò da èédú sínú abọ́, tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Mo bi í pé irú ọkọ̀ wo nìyẹn. Ó ní a kì í sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Iná ló dà wá láàmú jù. Àárín ọ̀nà ni wọ́n máa ń mú iná lọ, tí ọkọ̀ tó ń kó èédú lọ sí ilé iṣẹ́ iná á dúró gbagidi nítorí pé kò sí iná. Mo ní kí ó fi ọwọ́ tì í. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá.

"Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ti rélùwéè rí?"

Ó jókòó tì í títí iná fi dé.

Ìpàdé ẹbí ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Òrùlé ilé ń jò. Ó ti ń jò tipẹ́, gbogbo ìpàdé la sì máa ń sọ ọ́ tí a ó tún sún un síwájú. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn kan nínú ẹbí ti lọ fẹjọ́ sun Bàbá olórí ẹbí, tí wọ́n ń gbé nísàlẹ̀, pé ọkọ mi ti fi pákó gba pálọ̀ gbogbo ẹbí. Nígbà tí ìpàdé yá, Bàbá gòkè wá, wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé níbi tí afẹ́fẹ́ wà, wọ́n sì gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú irin.

"Kí ni nǹkan yìí?" wọ́n bi ọkọ mi.

"Rélùwéè ni, Bàbá. Èédú ló ń kó lọ sí ilé iṣẹ́ iná."

"Jẹ́ kó rìn ká rí i."

Ọkọ mi wo ìgbọ̀nwọ́ Bàbá. Kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé kí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Ó pè mí lórí fóònù, nínú yàrá tí mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kọntíróòlù, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan wà lójú irin."

"Kí ni?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọwọ́ Bàbá ni, mà."

"Ọkọ̀ kankan kò ní lọ àfi tí ojú irin bá mọ́."

Mo gbọ́ tí Bàbá ń bèèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kọntíróòlù ni. Wọ́n ní ta ni ìyẹn. Ó ní ìyàwó òun ni. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ìyàwó ilé kì í pàṣẹ fún olórí ẹbí. Mo ti ń wá ìborùn mi láti lọ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá.

"Sọ fún un pé mo ti gbé e kúrò."

Ọkọ̀ náà rọra yí òkè po, ó kọjá níwájú àwọn tó fẹjọ́ sùn, ó dúró níwájú Bàbá. Ọkọ mi fún Bàbá ní ṣíbí. Wọ́n kó èédú náà sílẹ̀ fúnra wọn títí ó fi tán, ẹnikẹ́ni kò sì rántí òrùlé mọ́. Bàbá wá dájọ́ pé nǹkan náà lè dúró, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pálọ̀ ẹbí ló wà, ilé iṣẹ́ iná di ti ẹbí, àwọn gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí ni yóò sì máa bójú tó o.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń gòkè wá ní ọ̀sán Sátidé. Oníbàárà tó le ni wọ́n. Wọ́n á ní èédú ti kúnná jù, wọ́n á ní wágùnù ẹ̀yìn kò kún. Nígbà kan wọ́n dá odindi ọkọ̀ padà. Ọkọ mi fi ìbínú wọ yàrá wá bá mi. Mo ní kí ó padà sí pálọ̀, kí ó pè mí lórí fóònù.

Nígbà tí òjò dé, omi kò já lu bẹ́ẹ̀dì wa bí ó ti máa ń ṣe. Orí òkè èédú ló já lù. Ìwé ìròyìn rọ̀, òkè wó lé irin lórí. Ní Sátidé, Bàbá gòkè, wọ́n jókòó. Mo sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ti wó, kò sí èédú tó ń bọ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo àjà fún ìgbà pípẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e tó parí, káfíńtà ti wà lórí òrùlé. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọn kì í gbé ìpè wa lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì gbé ti Bàbá lórí ọ̀rọ̀ èédú. Ọkọ mi tún òkè náà mọ, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láìpẹ́ yìí ó lọ sí Ìjẹ̀bú fún ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ti kó èédú sínú wágùnù kí ó tó lọ. Nígbà tó di Sátidé, Bàbá gòkè, wọ́n jókòó sí àyè wọn, wọ́n mú ṣíbí dání.

"Dírẹ́bà ńkọ́?"

"Wọ́n lọ sí Ìjẹ̀bú, Bàbá."

"Ìwọ ò lè wà á?"

Bọ́tìnnì kan péré ni èèyàn máa tẹ̀, mo sì mọ ibi tó wà.

"Kọntíróòlù kì í wa ọkọ̀, Bàbá," mo ní.

Wọ́n rò ó, wọ́n mi orí. "Òótọ́ ni."

Mo gbé ẹ̀wà tí mo ń ṣà wá sí pálọ̀, mo jókòó tì wọ́n. Iná wà lọ́jọ́ náà, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. A jọ ń wo ọkọ̀ tó kún náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, títí ó fi tó àkókò tí Bàbá máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun.