Fíìmù Òkú Tó Ń Rìn àti Ògiri Yàrá Ìyá Àgbà

Òórùn irun màlúù tí iná ń jó ni mo jí sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ Oko Ọba, ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù l'Ágége, bíi tèmi mọ òórùn yẹn. Àwọn tó ń sun awọ á ti dáná kí ìrun àsùbáà tó parí, atẹ́gùn á gbé e wọlé, á lẹ̀ mọ́ aṣọ, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ tí à ń mu. Alápatà ni bàbá mi, ó ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo ń gbálẹ̀ lójúde nígbà tí ìyá mi yọ láti yàrá Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi. Kò pariwo. Ó wo bútà àlùwàlá tí mo gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí omi inú rẹ̀ ṣì kún dẹ́nu. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, wá wo nǹkan."

Mo lọ. Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ìyá Àgbà, àtẹ́lẹwọ́ méjì wà nínú eruku, wọ́n hàn kedere bí ẹni tẹ òǹtẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ mùsùlùmí ti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tí kò bá rí omi á fi ọwọ́ lu erùpẹ̀ tàbí ògiri eléruku, á fi pa ojú, á fi pa ọwọ́, á sì kírun rẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Ṣùgbọ́n omi wà nílé wa. Kànga wà lẹ́yìnkùlé. Omi wà nínú bútà pàápàá. Ẹni tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó náà ni kò sí, iṣẹ́ èmi sì ni.

Fíìmù ló mú mi rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ní Omole ni mo ń gbé báyìí, ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n tó tóbi ju ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n bí mi sí. Fàrídà, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, a máa fà mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé. "Màmá Àgbà, ẹ wá wo sọ́mbì." Mo ti wò ó títí, mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn òkú ni, wọ́n jí, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni, ẹran ara èèyàn ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá gé èèyàn jẹ, òun náà á di ọ̀kan lára wọn. Nígbà tí mo dá a sílẹ̀ ní àsàlátù wa pé fíìmù yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ìyá Wàhábí, eré ọmọdé lẹ wá ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ kiri? Ẹ̀jẹ̀ ń bà yín lẹ́rù ni, ẹ̀yin ọmọ alápatà?"

Ẹ̀jẹ̀ kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jọ omi zóbò, kò tiẹ̀ dì. Èmi tí mo ti rí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun tó ń fò pìpì lórí tábìlì bàbá mi, tí bàbá mi á ní, "Ẹran ara ló ń gbọ̀n, ẹ̀mí ti lọ," kí ni wọ́n fẹ́ fi hàn mí? Nǹkan mìíràn ni mo ń fura sí. Ìyá mi a máa sọ pé ẹran tó bá pupa jù, kéèyàn gbóòórùn rẹ̀ kó tó gbé e sápẹ̀. Mo ti gbóòórùn èyí rí.

Àǹtí Ṣakírà, àbúrò ìyá mi, ló mú mi dé ilé sinimá tí mo ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú, kò tíì lọ́kọ nígbà yẹn, ó sì fẹ́ràn sinimá ju oúnjẹ lọ. Ẹ óò rántí bí a ṣe máa ń ṣọdún Ìtunu Ààwẹ̀ l'Ágége: a ó kírun, a ó jẹun yó, a ó wọ aṣọ tuntun, a ó fi dígí oníke sójú, ó di ilé sinimá. Fíìmù Íńdíà ni gbogbo wa ń retí, ijó àti ẹkún. Lọ́dún yẹn, ti òyìnbó ni wọ́n gbé síta. A kò gbọ́ èdè wọn. Ojú la fi ń wò ó. Ilẹ̀ là, àwọn òkú jáde tàwọn ti aṣọ funfun lára. Ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ń kùn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ahọ́n rẹ̀ kò gbé.

Obìnrin arúgbó kan wà nínú wọn. Ilé ọmọ rẹ̀ ló lọ tààrà, ó nawọ́ sí i. Gbogbo ilé sinimá dìde.

"Tilẹ̀kùn! Ìwọ ọmọ yìí, tilẹ̀kùn!"

"Ìyá rẹ kọ́ nìyẹn mọ́, òpònú!"

Ọmọ náà tilẹ̀kùn. Nígbà tí arúgbó náà gba ojú fèrèsé wọlé, ọmọ mú ṣọ́bìrì, ó là á mọ́ ọn lórí. Àtẹ́wọ́ ta. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àǹtí Ṣakírà ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ọmọ yẹn gbọ́n."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Àgbà ṣubú lórí ẹní ìrun. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú un wá kó lè máa tọ́jú wa nígbà tí ìyá mi bá wà lọ́jà. Orí ẹní kan náà ni èmi àti òun ń sùn, òun ló ń fi òrí pa ẹsẹ̀ mi nígbà ọyẹ́. Nígbà tó dìde nínú àìsàn yẹn, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, wíwọ́ ló ń wọ́ ọ. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kíkùn ló ń kùn. Rọpárọsẹ̀ ni, gbogbo àgbà ilé mọ̀ ọ́n, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ronú láti sọ fún mi.

Láàárọ̀, èmi ni mo máa ń bu omi sí i lọ́wọ́, tí mo máa ń bá a fọ ẹsẹ̀ tó rọ. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ wọlé, ó gbójú sókè, ó nawọ́ sí mi, ó kùn. Mo gbé bútà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sá. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo ń gbé e sí. Ìyá Àgbà kò lè dé ibẹ̀. Kò fẹjọ́ mi sùn. Ó yíjú sógiri, ó fi eruku ṣe àlùwàlá.

Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi dúró tì mí láàárọ̀ tí mo ń sọ yìí, tó ń wo ọwọ́ méjì lára ògiri. Obìnrin tó máa ń fura ni. Ó jọ pé àwọn ará ilé ló kọ́kọ́ rò sí. Ó fà mí jáde, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló bá ọ sọ nǹkan? Ta ló sọ fún ọ pé àjẹ́ ni ìyá ọkọ mi?"

"Kò sí, mà."

"Kí ló wá dé tí o ń gbé omi sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún ajá?"

Mo sunkún díẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà ti kú. Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn, òun kọ́."

Mo ti ń retí ìgbátí. Ìyá mi kò gbá mi. Ó wò mí títí, bó ṣe máa ń wo ojúlówó aṣọ àti ayédèrú. Ó ní, "Ó dáa. Tó bá ti kú, kò ní jẹ́. Òkú kì í jẹ́ ìpè. Pè é."

"Níbo, mà?"

"Níbi tí o dúró sí. Bí o ṣe máa ń pè é."

Mo pè é. "Ìyá Àgbà o." Inú yàrá dákẹ́. Mo ti gbé gìgísẹ̀ sókè, n óò sá. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wọ́, ó sì wúwo, bí ẹni ń fa garawa omi láti inú kànga: "Àbẹ̀... kẹ́. Ṣé o ti... jẹun?"

Ìyá mi kọ ojú sí mi. "Òkú wo ló ń bèèrè bóyá ọmọ ti jẹun?" Ó gbé bútà lé mi lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

N kò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀rù náà tán lọ́jọ́ yẹn. Mo ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń pè é láti ìta kí n tó wọlé, ojoojúmọ́ ló ń jẹ́, títí ó fi di eré láàárín wa. Ó kú nígbà tí Iléyá kù díẹ̀. Àwọn obìnrin ilé wẹ̀ ẹ́, èmi náà wà lára àwọn tó ń pọnmi. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Kí wọ́n tó bo ojú rẹ̀, mo pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Kò dáhùn. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé ó ti kú. Ìgbà yẹn ni mo sunkún.

Ohun tí mo ń fura sí nínú fíìmù àwọn ọmọ yìí nìyẹn. A ní òkú tó ń rìn tiwa láyé àtijọ́. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Ẹni náà á kú nílùú kan, wọ́n á tún rí i nílùú mìíràn, á máa ṣòwò, á fẹ́ ìyàwó, á bímọ. Ó mọ èèyàn rẹ̀ débi pé ojú á tì í bí wọ́n bá kò ó lọ́nà. Òun ló ń sá fún wa. Àwọn ti orí tẹlifíṣọ̀n kò mọ ìkíni. Bàbá á jáde láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ á yí padà lọ́sàn-án, kó tó dìrọ̀lẹ́ àwọn ọmọ ti fi irin fọ́ ọ lórí, orin á sì dún bí ẹni ṣẹ́gun. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. Mo máa ń bi Fàrídà àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí a bá jókòó tì í: "Ẹni tí wọ́n pa yẹn, kí ni orúkọ rẹ̀?" Wọn kì í mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, "Màmá Àgbà, sọ́mbì ni."

Ìyàwó ọmọ mi bi mí bóyá kí òun gba fíìmù náà lọ́wọ́ wọn. Mo ní kó má gbà á, torí wọ́n á wò ó lójú fóònù nílé ẹlòmíràn. Mo ní kó má kàn fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láwọn nìkan. Àǹtí mi jókòó tì mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà ń pàtẹ́wọ́.

Orúnkún mi òsì kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Bí mo bá ti jókòó pẹ́, mo máa ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn kí n tó dé pálọ̀, mo sì máa ń kùn, torí ó ń dùn mí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bí mo ṣe ń bọ̀ báyìí, Fàrídà ká ẹsẹ̀ tirẹ̀ sórí àga. Ó dá fíìmù rẹ̀ dúró. Ó ní, "Màmá Àgbà, tí ẹ bá di sọ́mbì, ṣé kí n tilẹ̀kùn?"

Ọmọ tí èmi jẹ́ nígbà yẹn kò bèèrè. Ó gbé omi sílẹ̀, ó sá. Èyí bi mí lójúkojú, mo sì gbà pé ó láyà jù mí lọ. Mo rọra jókòó.

Mo ní, "Kọ́kọ́ pè mí. Tí mo bá jẹ́, ṣílẹ̀kùn."

"Tí ẹ ò bá jẹ́ ńkọ́?"

"Pe màmá rẹ. Kí ẹ jọ wá wò mí, ó lè jẹ́ pé mo ṣubú ni."

Ó rò ó wò. Ó ní òun gbọ́. Ó tan fíìmù rẹ̀ padà, ó sún díẹ̀ kí n lè na ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú ṣọ́ ẹsẹ̀ náà.