Ojú Ìwé Tó Bá Àkàrà Lọ

Ahun ni mí tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé. Kò sí ẹni tó lè yá ìwé lọ́wọ́ mi ní Kàbà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀ mí títí, wọ́n ti jáwọ́. Bẹ́ẹ̀ ìwé àlòkù ni gbogbo wọn, tí mo ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́jà, àti lọ́wọ́ alákàrà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn alákàrà ló ń ra ìwé àtijọ́ táwọn èèyàn bá kó jáde nílé, kí wọ́n lè rí nǹkan fi wé àkàrà. Lọ́jọ́ kan mo jẹ tèmi tán, mo wá ń ka bébà tó kù lọ́wọ́ mi. Ìtàn obìnrin Bùnù kan ni, tó ń hun aṣọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ẹnì kan sì ń jí òwú rẹ̀ nígbàkigbà tó bá lọ sódò. Epo ti bo ìlà mẹ́ta. Mo sáré padà.

Ìwé náà ṣì wà lẹ́bàá agbada, àmọ́ ó ti fúyẹ́. Alákàrà ní ẹ̀yìn lòun máa ń ti ya ìwé, torí pé àwòrán iwájú yẹn wu òun, òun fẹ́ máa wò ó. Mo gba èyí tó kù, mo fi ojú ìwé ọwọ́ mi kún un, mo kà á ní ìjókòó kan, mo dé ibi tí ahunṣọ náà ti lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó gbọ́ ẹsẹ̀ olè. Ibẹ̀ ló tán sí. Inú bí mi débi pé n kò jẹ àkàrà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ní dandan ni kí n mọ olè yẹn. Orúkọ ìdílé àti lẹ́tà kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé fi sára ìwé, mo sì ń bi gbogbo ará Bùnù tí mo bá pàdé léèrè bàbá kan tó kọ ìwé rí. Wọn ò mọ bàbá kankan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìyá aláṣọ kan tó wo ìwé náà, tó bi mí bóyá àwọn bàbá ló ń hun aṣọ ìyàwó nílé wa. Ojú tì mí. Ó júwe ilé kan fún mi ní Òkè-Bùkún, nílẹ̀ Bùnù.

Mo gun ọ̀kadà lọ. Ìyá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣa ẹ̀gúsí lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i bí a ti ń kíra lágbègbè wa, “Okun, ìyá.” Ó ní, “Okun, ọmọ mi.” Mo fa ìwé náà yọ, ó sì gbé atẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀.

Ó ní ìwé tí òun tẹ̀ kò pọ̀, òun fi ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lọ́rẹ. Ẹnì kan yá èyí tó gbẹ̀yìn, kò dá a padà mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti fojú kàn án. Mo bi í pé ta ni olè náà.

“Ìyàwó fúnra rẹ̀ ni,” ó ní. “Kò fẹ́ ọkọ yẹn, kò sì fẹ́ kí aṣọ parí.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ ìwé náà wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á bí ẹni ń ra orí ọmọ. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ó sì dùn mí dé egungun. Mo yára sọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà: “Ìyá, ẹ mú un.”

Kò dúpẹ́. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo dé, ó ti fi ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀, gbàgàdà-gbagada, kọ gbogbo òpin ìtàn náà sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ó fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé e fún mi.

Báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà wà ní Òkè-Bùkún, òpin rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Èyí nìkan ni mo ń yá èèyàn, tí ó bá ti kọ́kọ́ lọ ka ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá. Ó ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àlejò ti pọ̀ jù, wọ́n fẹ́ jẹ ẹ̀gúsí òun tán, síbẹ̀ kí n máa rán wọn bọ̀.