Àmín Tí Mo Ṣe sí Albarka

Ogún kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ta òrí tó tó ìkúùkù ọmọdé nígbà náà, òrí gidi tí àwọn ìyá Tẹ̀dé ń gbé wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lú lóde òní. Òórùn rẹ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Ìyá mi ti yọ́ ọ sórí iná, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, ó ń fi òrí gbígbóná wọ́ ọ, kókósẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Ẹsẹ̀ ló yọ̀ nídìí kànga. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí òrí ṣe ń rùn tó bá kan iná. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́, gbogbo agbolé ti fi imú gbọ́ ọ pé Ìyá Sàdíátù ò ní lè lọ sọ́jà. Èmi ni Sàdíátù.

Ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ ìjókòó sílé. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá dé. Àlùbọ́sà ni ìyá mi ń tà lọ́jà Ṣakí, ìsọ̀ rẹ̀ sì ti gbẹ, èèpo nìkan ló kù níbẹ̀. Màlámù Gàrbá, Háúsá kan tó ń kó àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya, ló ń tà á fún gbogbo wọn lápòlápò. Ọkọ̀ rẹ̀ á dé láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kó sì tó di ọ̀sán, ó ti tà á tán. Ẹni tí kò bá rí rà lọ́jọ́ yẹn, á jókòó máa wo àwọn oníbàárà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn ọ̀hún ò jìnnà. Ìyá Múkáílà ni, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa, ahọ́n rẹ̀ sì lè bó àlùbọ́sà láìlo ọ̀bẹ.

Ìyá mi wo gbogbo ilé, kò rí ẹni rán. Bàbá mi wà lóko ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, àbúrò mi ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Ó di ọgọ́jọ náírà mọ́ mi létí ìró. "Àpò méjì ni kí o rà. Má jẹ́ kó ju owó yìí lọ. Má sì dákẹ́ o. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ òwe yẹn nìkan ni ẹran tó máa ń wà nínú ọbẹ̀ wa.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo ń lọ sílé ìwé nígbà tí mo bá gbọ́ pé tíṣà ò mú pàṣán wá. Nígbà tí mo ka ìwé márùn-ún tán, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ilé kéú ni mo mọ̀ dáadáa. Tí a bá ti kó wàláà jọ nírọ̀lẹ́, alùfáà wa á gbọ́wọ́ sókè, á ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, àwa ọmọdé á sì ké "Àmín" bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, nítorí àmín yẹn nìkan ló wà láàárín wa àti oúnjẹ. Ó mọ́ mi lára débi pé bí ènìyàn bá dárúkọ àlùbáríkà nígbà tí mo ń sùn, ẹnu mi á dá a lóhùn.

Mo dé ọjà, òórùn àlùbọ́sà, èéfín ọkọ̀ àti ìgbẹ́ àgbò Iléyá ti dà pọ̀ di ọ̀kan. Àpò méjì péré ló kù níwájú Màlámù Gàrbá. Ìyá Múkáílà ti ra tirẹ̀, ó ti dì í, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára méjì tó kù.

"Ìyá rẹ dà?" Màlámù bi mí.

"Ẹsẹ̀ rọ́ wọn, Bàbá. Èmi ni wọ́n rán."

"Ọmọ tí ò tíì mọ imú nù ni wọ́n di owó lé lọ́wọ́," Ìyá Múkáílà wí. "Àlùbọ́sà á pa á lẹ́kún lónìí."

"Kò burú, mà. Ẹkún àlùbọ́sà kì í pẹ́."

Màlámù ní igba náírà ni méjèèjì. Mo ní kí wọ́n gba ọgọ́fà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní, "Albarka."

"Àmín," ni mo wí. Inú mi dùn. Ọjà wo ló tún rọrùn báyìí? Bàbá gbà, ó tún ṣàdúrà lé e. Mo tú etí ìró mi, mo ké sí ọlọ́mọlánkẹ́ pé kó wá gbẹ́rù.

Màlámù mirí. "Albarka, ọmọ mi."

"Àmín, Bàbá."

"Mo ní albarka."

"Àmín láṣẹ Ọlọ́run." Ọlọ́mọlánkẹ́ ti gbé àpò kan dé èjìká kí Màlámù tó fi ọ̀pá dí i lọ́nà.

Ìyá Múkáílà di òpó àtíbàbà mú kó má bàa ṣubú. "Ó ń lé ọ lọ, ò ń ṣe àmín," ló wí nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Àṣé bí Háúsá bá ń tajà, tí o dá iye kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, albarka ni yóò wí. Kí Ọlọ́run bù kún un, máa gbé owó rẹ lọ. Wọn kì í fẹ́ fi "rárá" gbá oníbàárà lẹ́nu.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ Lárúbáwá, oore tó ń pọ̀ sí i ni. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa gé e kúrú, "barka" lásán, wọ́n fi ń súre fún màlúù. Ó dé ẹnu Háúsá ọlọ́jà, ó di ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di àmín. Wọ́n ní àlùbọ́sà pàápàá, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, tó gba ẹnu Háúsá kọjá. Á jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ni òun àti àlùbáríkà jọ wọ̀, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà ò yíwà padà lójú ọ̀nà.

Mi ò mọ gbogbo ìyẹn lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjà ń fi mí rẹ́rìn-ín, bí mo bá sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ìyá mi á jókòó ti èèpo títí Iléyá á fi kọjá. Mi ò dákẹ́.

"Bàbá," mo ní, "gbogbo ìgbà tí ẹ ṣàdúrà ni mo ṣe àmín. Ọlọ́run ti gbọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún un pé ọjà lẹ ń ná, ẹ ò gbàdúrà?"

Màlámù yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Háúsá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti rọ̀. "Kí àdúrà yín má bàa jẹ́ ọ̀fẹ́," mo ní, "mo fi ogún lé e. Ó di ogóje."

Ó wò mí, ó wo àpò. "Sallama."

Lẹ́nu tiwa, sàlámà ni ènìyàn ń ṣe sọ́tùn-ún sósì tó bá kírun tán. Lẹ́yìn rẹ̀, kí o ká ẹní rẹ ló kù. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Mo di owó mi padà, mo kẹ̀yìn sí wọn, omijé sì ń bọ̀, kì í ṣe ti àlùbọ́sà.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Múkáílà. "Màlámù, ẹ gba àádọ́jọ lọ́wọ́ mi."

"Albarka," Màlámù dá a lóhùn.

Mo dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ṣe àmín. Ìyá Múkáílà náà ò ṣe é.

"Sàdíátù," Màlámù pè mí, "níbo lò ń lọ? Mo ti tà á fún ọ. Sallama, mo ti yọ̀ǹda rẹ̀."

Orí àpò ni mo jókòó sí lórí ọmọlánkẹ́, bí ọba tó ń re ìwúyè. Nígbà tí a dé iwájú Ìyá Múkáílà, mo kí i. "Ẹ kú ọjà, mà. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i." Àwọn èèyàn ń wò ó, Mùsùlùmí sì ni. Kò rí ọ̀nà àbáyọ, ó ní àmín.

Lónìí, mo gbọ́ Háúsá débi pé mo ń fi í jà. Tírélà ló ń já àlùbọ́sà fún mi, bí oníbàárà bá sì dá owó ẹ̀gbin, èmi náà á gbọ́wọ́ lé àyà, màá ní albarka. Mo gbọ́n ju ọmọ ọjọ́ náà lọ fíìfíì. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ èmi òní ni Màlámù wí albarka fún, màá ti mọ ohun tó sọ, màá sì ti máa lọ sílé. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé wọ́n ti kọ̀ fún òun, ìyẹn ló fi ra ọjà. Bí mo ṣe ń gbọ́ èdè sí i ni mò ń tètè gbọ́ "rárá", nígbà mìíràn kí wọ́n tó sọ ọ́.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, ìyá mi ò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo àpò. Owó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo san náírà méjì fún ọlọ́mọlánkẹ́ ló ń wò. Kò tíì ra àlùbọ́sà lówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ rí, òun tó ti ń ná ọjà kí wọ́n tó bí mi. Ó ká owó náà, ó tì í sí mi lọ́wọ́, ó ní tèmi ni, kí n fi bẹ̀rẹ̀ òwò tèmi. Ilé tí mo kọ́, ìsọ̀ mẹ́ta tí mo ní, ọmọ mẹ́rin tí mo rán níwèé, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀: náírà méjìdínlógún.