Ẹni Tó Ní Kí N Máa Lọ Sílé

Olùkọ́ tí ẹ̀ka wa yàn láti máa gbà mí nímọ̀ràn ní yunifásítì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí. Àwọn míì ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, n ó kàn wọ́n níbòmíràn. Ọdún kejì ni mo wà nígbà tí mo lóyún, èébì ò sì jẹ́ kí n lè jókòó nínú kíláàsì. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Máa lọ sílé, ìyá ọmọ." Mo lọ. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní mo ti sá kúrò níléèwé, wọ́n ti yọ orúkọ mi. Akọ̀wé kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé ká ní mo kọ lẹ́tà kan ṣoṣo kí n tó lọ, àyè mi ò ní bọ́. Mo tún ìdánwò ìgbaniwọlé ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní.

Mo di olùkọ́ níbẹ̀ náà, mo sì fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ ìbéèrè kan ò kúrò lọ́kàn mi: ṣé ọkùnrin yẹn mọ̀ nípa lẹ́tà náà lọ́jọ́ yẹn? Tí kò bá mọ̀, òmùgọ̀ lásán ni. Tó bá mọ̀ ńkọ́? A máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń kí ara wa. Mi ò bi í, torí mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó gba yàrá nínú ilé mi ní Mayfair n'Ífẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Oyún rẹ̀ ti hàn.

"Níbo lò ń lọ?"

"Edunabon, Mọ́mì. Ọ̀dọ̀ ìyá mi. Tí mo bá bímọ tán, màá padà wá."

"Ta lo sọ fún níléèwé?"

"Wọ́n á kàn rí i pé mi ò sí níbẹ̀."

"Wọ́n á rí i dáadáa. Gbé báàgì yẹn sílẹ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ariwo mi pọ̀ jù nílé yìí."

"Ariwo rẹ pọ̀. Wọ bàtà."

Yunifásítì ti ṣí ọ́fíìsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé, níbi tí àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ wá ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ti pè mí síbẹ̀, mo kọ̀. Nígbà tí èmi ń wá irú rẹ̀, ta ló ṣí i? A wọlé, mo sì rí ọkùnrin náà gan-an lẹ́yìn tábìlì, ó ti hunjọ, ọ̀pá rẹ̀ fara ti ògiri. Àwọn ọmọ tó ń dúró dè é pọ̀ ju ti àwọn tábìlì yòókù lọ. Kí ló ń fún wọn?

Mo lè mú ọmọ náà lọ sí tábìlì míì. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ. Tó bá tún ní kó máa lọ sílé, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti múra èsì mi sílẹ̀.

Ó wo ikùn ọmọ náà, ó fa àga kan sún mọ́ ọn pé kó gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Kí lo jẹ?"

"Bisikíìtì, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Ṣé o fẹ́ padà wá lóòótọ́, àbí o kàn ń sọ bẹ́ẹ̀ kí ìyá yìí má baà bínú?"

"Mo fẹ́ padà wá, sà. Mọ́mì máa ń bínú ṣáá."

"Mo mọ̀ wọ́n." Kò wojú mi. "Má tíì lọ sílé. Líìfù, ìyọ̀ǹda láti dá ẹ̀kọ́ dúró fúngbà díẹ̀, ni wàá kọ́kọ́ gbà. Kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka rẹ, mú ìwé dókítà dání, má sì kúrò n'Ífẹ̀ títí wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Tí o bá kàn lọ báyẹn, wọ́n á yọ ọ́."

Wọ́n jọ kọ lẹ́tà náà. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó bá a rìn nínú oòrùn dé ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka, èmi náà ń tẹ̀ lé wọn. Olórí ẹ̀ka gbà kí ọmọ náà lọ bímọ, kó sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọmọ náà lọ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ó ku àwa méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Prófẹ́sọ̀," mo ní, "lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n máa lọ sílé, ṣé ẹ mọ̀ nípa lẹ́tà yìí?"

Kò díbọ́n pé òun ò rántí. Ó ń yí ọ̀pá náà lọ́wọ́.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mi ò rò pé o máa padà wá ni."