Kámẹ́rà Ẹnu Géètì

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Fọláṣadé. Ìyá Fẹ́kọ́mi là ń pè é. Ará Èkìtì ni, tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ kò gba ariwo ọmọdé mọ́, ó lọ ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ní Igando. Kò kọ́ iṣẹ́ náà níbì kan. AI inú fóònù rẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Ilé kan náà là ń gbé ní Baruwa. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́, n ò bu iyọ̀ sí i.

Dátà ibi iṣẹ́ ń tán kíákíá. Ọ̀gá ní ẹnì kan ń jí i lò, kó wá onítọ̀hún. AI kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ohun tó ń wọlé tó ń jáde lórí nẹ́tíwọ̀kì. Ó rí nǹkan kan tó ń kó dátà jáde tọ̀sán-tòru. AI sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe nǹkan náà. Orúkọ yẹn ló wà lẹ́yìn fóònù Raheem tó ń ṣọ́ géètì. Kò béèrè mọ́. Ó sọ fún ọ̀gá, wọ́n lé Raheem.

Lọ́jọ́ kejì, Raheem kò sí, fóònù rẹ̀ kò sí, dátà ṣì ń jáde. Ó tún bi AI.

AI kọ ọ́ sí i pé: “Orúkọ yẹn sọ ẹni tó ṣe é, kò sọ ẹni tó ni ín. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lánàá. Ẹ pa àwọn nǹkan ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tí ẹ máa pa tí dátà kò fi ní jáde mọ́.”

Ó yọ wáyà kámẹ́rà ẹnu géètì. Dátà dáwọ́ dúró. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà lára rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ra kámẹ́rà yẹn.

“Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ lọ pe Raheem wá, jàre.”

Ẹsẹ̀ Fọláṣadé ti wú kó tó rìn dé ilé Raheem ní Solous. Raheem ń fọ aṣọ iṣẹ́ tó fẹ́ dá padà.

“Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Fẹ́kọ́mi. Ṣé fóònù lẹ wá gbà?”

“Kámẹ́rà ni, Raheem. Mo ṣì ẹ́ mú ni. Má bínú. Ọ̀gá ní kóo máa bọ̀ lọ́la.”

Raheem fún aṣọ náà, ó sá a. “Ẹ ò tiẹ̀ bi mí,” ló wí. “Ẹ ò bá kàn bi mí.”

Fọláṣadé bá a na etí aṣọ náà kó lè gbẹ.

Bàrákàt, ìyàwó Raheem, gbé abọ́ jáde. “Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Á wá. Níbo ló tún fẹ́ lọ?”

Ẹ̀wà àti gàrí ni Fọláṣadé jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́nu ọ̀nà Raheem. Kò lè jẹ ẹ́ tán.